Tirakítọ̀ Agékoríko: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Mọ̀ Nípa Àpótí Gíà Rẹ̀ Kí Ó Tó San Owó

Tirakítọ̀ kékeré kan wà tí ó ń ti òkè òkun wọ orílẹ̀-èdè wa. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn a máa jókòó lé e lórí bí ẹni tí ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọ̀bẹ rẹ̀ a sì máa gé koríko ní abẹ́ ikùn rẹ̀. Orúkọ tí ó tọ́ sí i ni tirakítọ̀ agékoríko. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tí ń tà á kì í pè é bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀. Wọn a ní tirakítọ̀ ni, pé ó lè túlẹ̀, pé ó lè kọ ebè, pé ó lè fa ẹrù wá sí ilé láti oko, àti pé kì í mu epo tó katakata ńlá. Ẹgbẹ́ tí ó ti ń tu owó jọ láti ọdún mélòó kan yóò gbọ́ èyí, ara àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì yá sí i.

Nítorí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé ìléwọ́ yìí. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀rọ náà, nítorí ó wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ ṣe é. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé apá kan wà lára rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí, tí ó wà lábẹ́ àga, láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Apá yìí ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì tí ó sì ń fi í fún táyà. Àpótí gíà ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Bí ẹ́ńjìnì bá dákẹ́, mẹkáníìkì tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lè jí i. Bí àpótí gíà bá kú, ó lè jẹ́ pé òmíràn ni ẹ ó rà, owó rẹ̀ sì lè súnmọ́ iye tí ẹ fi ra odindi ẹ̀rọ tòkunbọ̀ náà.

Agbára ẹṣin àti agbára ìfà

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹtajà yóò nawọ́ sí ni òǹkà tí a kọ sí ara ẹ́ńjìnì: 17, tàbí 20, tàbí 24. Yóò ní agbára ẹṣin 20 ni èyí, pé ó ju ìdajì ti Massey Ferguson 35 lọ. Òǹkà náà lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí a fún un kò tọ́. Massey Ferguson 35, tí ó jáde ní ọdún 1957 tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì rántí, wúwo ju 1,300 kìlógíráàmù lọ. Irin gíà rẹ̀ nípọn, inú ọ́ìlì ni ó sì ń gbé. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó àyà ènìyàn. Tirakítọ̀ agékoríko kékeré kò wúwo ju nǹkan bí 200 kìlógíráàmù lọ, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀bẹ ni ó ń jẹ púpọ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a pèsè fún rírìn.

Bí a bá so irin ìtúlẹ̀ mọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, táyà rẹ̀ yóò máa yọ̀ lójú kan. Awakọ̀ tí ó rò pé òun gbọ́n yóò wá di àpò iyanrìn lé ẹ̀yìn rẹ̀ kí táyà lè mú ilẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Táyà tí ń yọ̀ yẹn ni ó ń gba àpótí gíà là, nítorí nígbà tí ó bá ń yọ̀, ìnira kò lè kọjá ìwọ̀n kan. Nígbà tí táyà bá ti mú ilẹ̀ tí kò yọ̀ mọ́, gbogbo ìnira ìtúlẹ̀ náà yóò kọjá sí inú àpótí tí kò gbára dì fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò iye wákàtí pẹ̀lú. Onílé kan ní Amẹ́ríkà, tí ó ń gé koríko àgbàlá rẹ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí òtútù bá lọ títí di ìgbà tí òtútù yóò tún dé, kò ní lo ẹ̀rọ rẹ̀ ju nǹkan bí 30 wákàtí lọ lọ́dún. Ẹgbẹ́ tí ó ní oko ọsàn, tí awakọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5 lójúmọ́, ní ọjọ́ 6, ti lo 30 wákàtí náà tán ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kan tiyín jẹ́ ọdún kan ti onílé. Àgbàlá ti onílé tẹ́jú, koríko rẹ̀ kò sì ga ju ìka lọ. Tiyín ní kùkùté, gegele àti ekan. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fún onílé kò ṣẹ̀ yín. Òun kò mọ̀ pé oko yín ni yóò bá ara rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò rí báyìí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ International Harvester gbé Cub Cadet jáde ní ọdún 1961, láti ara Farmall Cub, tí í ṣe tirakítọ̀ oko gidi, ni wọ́n ti mú àpótí gíà rẹ̀. John Deere gbé èyí tí wọ́n pè ní 110 jáde ní ọdún 1963. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wúwo, wọ́n sì lè fa irin ìtúlẹ̀ kékeré nínú ọgbà. Kí àwọn ọdún náà tó parí ni àpótí tí ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé inú wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń ṣe èyí tí ó túbọ̀ fúyẹ́ tí owó rẹ̀ sì kéré fún àwọn onílé. Títí di òní, oríṣi méjèèjì ṣì wà: èyí tí a ṣe fún àgbàlá nìkan, àti èyí tí ó lágbára díẹ̀ tí a ṣe fún ọgbà. Ojú kan náà ni wọ́n jọ ní bí ènìyàn kò bá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn wọn.

Oríṣi àpótí gíà méjì

Èkíní ni àpótí onírin. Nínú rẹ̀ ni eyín gíà wà gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀, ọ̀pá kan sì wà tí awakọ̀ fi ń yan 1, 2, 3 títí dé 5 tàbí 6. Gírísì ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọ́ìlì. Òfin kan tí àwọn awakọ̀ wa kì í fẹ́ pa mọ́ ni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá kí a tó yí gíà rẹ̀. Kò rí bíi ti mọ́tò, tí a ń yí gíà rẹ̀ lórí ìrìn. Ẹni tí ó bá ń yí i nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ yóò jẹ etí àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí ó ń di gíà mú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gíà yóò máa fò kúrò fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gun òkè. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ó ní sùúrù lè tú àpótí yìí, kí ó pààrọ̀ ohun tí ó jẹ nínú rẹ̀, kí ó sì tún un dè.

Èkejì ni àpótí ọlọ́ìlì, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ń pè ní hydrostatic. Kò ní gíà tí a ń yàn. Awakọ̀ kàn ń tẹ ohun ìtẹ̀ kan ni, ẹ̀rọ a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ tàbí kíákíá bí ó ti fẹ́. Òun ni ó pọ̀ jù lára àwọn tòkunbọ̀ ìgbà yìí, òun náà ni ó sì ń kó owó ẹgbẹ́ wọlẹ̀ jù, nítorí náà ni a ó fi dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Inú rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan jẹ́ pọ́ǹpù, tí bẹ́líìtì láti ara ẹ́ńjìnì ń yí. Nínú pọ́ǹpù yìí ni àwọn písítìnì kéékèèké wà, tí orí wọn gbára lé àwo irin kan. Bí àwo náà bá dúró déédéé, àwọn písítìnì kò ní sún síwájú tàbí sẹ́yìn bí pọ́ǹpù ti ń yí, ẹ̀rọ yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ ohun ìtẹ̀, àwo náà yóò fì sí apá kan. Nígbà náà ni àwọn písítìnì yóò máa wọlé, tí wọn yóò máa jáde, tí wọn yóò sì máa ti ọ́ìlì pẹ̀lú agbára sí apá kejì àpótí náà. Ọ́ìlì ni yóò yí apá kejì, apá kejì ni yóò yí táyà. Bí àwo bá fì sí ọ̀nà òdì, ẹ̀rọ yóò rìn sẹ́yìn. Kò sí irin kankan tí ó so ẹ́ńjìnì mọ́ táyà tààrà. Ọ́ìlì nìkan ni ó so wọ́n pọ̀.

Gbogbo obìnrin tí ó bá ń se ọbẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó kàn. Epo pupa tí ó wà nínú ìgò ní òwúrọ̀ ọyẹ́ a máa ki, kì í fẹ́ dà jáde. Bí a bá gbé e ka iná, a máa ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ́ìlì inú àpótí yìí. Nígbà tí ó bá gbóná jù, ó fẹ́lẹ́, a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ àwọn písítìnì jò padà dípò kí ó lọ yí táyà. Àlàfo tí ó wà láàrin písítìnì àti ihò rẹ̀ kò tó ìbú irun orí. Ọ́ìlì tí ó ki níwọ̀nba kò lè fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti fẹ́lẹ́ lè kọjá. Bí ó bá sì ti ń jò gba ibẹ̀ ni ó túbọ̀ ń gbóná, bí ó ti ń gbóná sí i ni ó túbọ̀ ń jò. Bí irin bá wá jẹ nínú rẹ̀ nítorí ìdọ̀tí tàbí iṣẹ́ àṣejù, àlàfo náà yóò fẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè dà sí i tí yóò dín in kù mọ́.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Ní òwúrọ̀ ẹ̀rọ yóò lọ dáadáa. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀, kò ní lè gun ibi tí ó ti gùn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń hó bí ó ti ń hó láti àárọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó tutù títí di ìrọ̀lẹ́, yóò tún lọ. Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò rẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ ni ó ti jẹ.

Ohun tí ń pa àpótí ọlọ́ìlì

Ẹrù lórí òkè ni ó burú jù. Ìwé ìlò púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sọ pé kí a má ṣe lò wọ́n níbi tí ó bá dagẹ̀rẹ́ ju dìgírì 15 lọ. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti ga tó: bí ẹ bá wọn ẹsẹ̀ bàtà 10 síwájú gbọọrọ, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 8 ga ju ibi tí ẹ dúró sí lọ, ó ti tó dìgírì 15. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹ̀rọ wúwo 200 kìlógíráàmù, awakọ̀ wúwo 80, ẹ sì so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ọn tí òun àti ìdì ẹyìn inú rẹ̀ jẹ́ 300. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 580. Lórí irú òkè yẹn, ìnira tí òkè nìkan fi kún iṣẹ́ àpótí gíà tó 150 kìlógíráàmù, bí ìgbà tí ènìyàn bá so àpò sìmẹ́ǹtì 3 mọ́ okùn tí ó sì ń fà á sókè gbọnrangandan láìsinmi. Àpótí tí a ṣe láti gbé ènìyàn kan rìn lórí koríko tútù kò lè ṣe èyí lójoojúmọ́. A kò tí ì sọ ti gegele àti ẹrẹ̀ rárá. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: nígbà tí àpótí bá kọ̀ láti fà lórí òkè, kò lè dá ẹ̀rọ dúró bí ó ti yẹ mọ́, ẹrù ẹ̀yìn a sì lè wọ́ gbogbo rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun kejì ni pípá tí koríko ń pá a ní èémí. Lórí àpótí náà ni fáànù kékeré kan wà tí ń fẹ́ ẹ, ara àpótí náà sì ní irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ooru ń gbà jáde. Koríko gígé, eruku àti ọ́ìlì tí ó ti jò díẹ̀ a máa pò pọ̀ níbẹ̀ bí amọ̀ tí a fi rẹ́ ilé. Nígbà náà, ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó wọ ẹ̀wù òtútù ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán. A ti rí fáànù tí eyín rẹ̀ ti kán tán láìsí ẹni tí ó mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbé àga sókè wò.

Koríko gíga náà wà lára rẹ̀. Eèsún, ekan tí ó ti dàgbà àti ewé Akíntọ́lá kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi àdá ṣán wọn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yọ kùkùté, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ń gé e déédéé kí ó tó ga, iṣẹ́ náà yóò fúyẹ́ fún un.

Bí ẹ ó ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á

Obìnrin tí ó bá ń ra ìkòkò a máa fi ìka kàn án kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe wo ọ̀dà tuntun tí a fi kun ẹ̀rọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òrùka irin kékeré tí ó lanu ni ó di táyà ẹ̀yìn mú ní òpin ọ̀pá rẹ̀, ẹ̀rọ àgbàlá ni. Bí nọ́ọ̀tì 4 tàbí 5 ni ó dè é bíi ti mọ́tò, ó sábà máa ń jẹ́ oríṣi tí ó lágbára. Ẹ wo ọ̀pá táyà náà pẹ̀lú: ti àwọn tí ó fúyẹ́ a máa tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì kan ní ìbú, ti àwọn tí ó lágbára a máa tó íńṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá orúkọ tí a tẹ̀ sí ara àpótí gíà. Tuff Torq K46, fún àpẹẹrẹ, wọ́pọ̀ púpọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ní àgbàlá ni a ṣe é fún, kò sì ní ihò tí a fi ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú u kúrò lára ẹ̀rọ kí ó sì dojú rẹ̀ dé. K66 láti ilé-iṣẹ́ kan náà lágbára jù ú lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wà á. Ẹ má ṣe gbà kí òǹtajà wà á yípo àgbàlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì pa á. Ẹ̀rọ tí ó ti jẹ tán yóò lọ dáadáa nígbà tí ó bá tutù, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Ẹ béèrè pé kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 40 ó kéré tán, kí ẹ máa wà á lọ kí ẹ sì máa wà á bọ̀, kí ó gbóná. Ìgbà náà ni kí ẹ wá ibi tí ó ga díẹ̀, kí ẹ gùn ún síwájú, kí ẹ sì gùn ún sẹ́yìn. Bí ó bá ń ké bí ẹ̀fọn ńlá tí kò sì lè gùn ún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà kí ẹ máa lọ sílé. Bí òǹtajà bá kọ̀ láti jẹ́ kí ó gbóná, ìdáhùn ni ìyẹn náà.

Bí ẹ bá bi wá léèrè, a ó sọ pé àpótí onírin ni ó dára jù fún ẹgbẹ́ tí ó jìnnà sí ìlú ńlá, bí ó tilẹ̀ le láti wà ju èkejì lọ, nítorí pé ó ṣe é tún ṣe lábẹ́ igi. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìtúlẹ̀ ni ẹ ń wá, ẹ má ṣe wá a lára ẹ̀rọ yìí rárá. Ẹ háyà katakata fún ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀, tàbí kí ẹ wo tirakítọ̀ àfọwọ́tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí a ṣe gíà rẹ̀ fún ilẹ̀ àti àkùrọ̀. Abẹ́ ọsàn, abẹ́ kajú, abẹ́ ọ̀pẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, pápá ilé-ẹ̀kọ́: ibẹ̀ ni oko tirakítọ̀ agékoríko. Kẹ̀kẹ́ ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú náà kò burú.

Ẹ má ṣe tètè dá àpótí lẹ́bi

Nígbà mìíràn ẹ̀rọ a kọ̀ láti rìn, mẹkáníìkì a sì sọ pé àpótí gíà ti kú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣe é kò ju ohun kékeré lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì. Bí ó bá ti ń dán ní ẹ̀gbẹ́ tàbí tí ó ti fẹ̀, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Ẹ wo sípíríìnì tí ń fà á le. Ẹ má ṣe fi bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata rọ́pò rẹ̀ nítorí pé gígùn wọn bá ara mu; bẹ́líìtì ìfà ẹ̀rọ yìí ní okùn líle nínú nítorí pé a ń dẹ̀ ẹ́ tí a sì ń mú un le nígbà gbogbo, ti ọlọ́ta kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo kíì, irin kékeré onígun mẹ́rin tí ó há táyà mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí ó bá ti gé, ọ̀pá yóò máa yí, táyà yóò sì dúró. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ sókè, ẹ fi nǹkan dí táyà iwájú, kí ẹnì kan wo òpin ọ̀pá láti òkèèrè nígbà tí èkejì bá tẹ ohun ìtẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń yí tí táyà kò yí, owó kékeré ni ẹ ó ná. Ẹ wo ọ̀pá ìrìn tí ó so ohun ìtẹ̀ mọ́ àpótí, bóyá ó ti yọ. Ẹ sì wo ọ̀pá ìtúsílẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìn, èyí tí a fi ń jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn lọ lófìfo kí a lè fi ọwọ́ ti ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá ti fà á tí kò dá a padà, ẹ́ńjìnì lè hó títí di alẹ́, ẹ̀rọ kò ní kúrò níbi tí ó wà.

Ìtọ́jú

Ní òpin iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tutù, ẹ gbé àga sókè kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá orí àpótí àti fáànù rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sí i nígbà tí ó gbóná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 ni. Bí àwa bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo tí awakọ̀ kò gbọdọ̀ fò, èyí ni a ó yàn. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀ iṣẹ́, kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi.

Ní ti ọ́ìlì, ohun tí ìwé ìlò bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn kan ń lo 10W-30, àwọn kan ń lo 20W-50, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí a ń tà ní ilé epo. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì tí a ti lò lára mọ́tò sí i, ẹ má sì ṣe da ọ́ìlì bíríìkì sí i. Lẹ́yìn pípààrọ̀ ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ yóò wà nínú àpótí, ẹ̀rọ kò sì ní fà títí yóò fi jáde. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ dí táyà iwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró nítòsí. Ẹ ṣí ọ̀pá ìtúsílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rọra ṣiṣẹ́, kí ẹ sì rọra tẹ ohun ìtẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dá ọ̀pá padà, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún wo ìwọ̀n ọ́ìlì.

Kí ẹgbẹ́ yan awakọ̀ kan, méjì ó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń wà kò ní olùtọ́jú. Kí awakọ̀ ní ìwé kan tí ó ń kọ iye wákàtí iṣẹ́ sí, àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ bẹ́líìtì àti ọ́ìlì, kí akọ̀wé sì máa wò ó ní ìpàdé oṣooṣù.

Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ ní oko, ẹ má ṣe fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò kí ẹ sì wọ́ ọ dé ilé, nítorí pé táyà yóò máa yí àpótí láti ẹ̀yìn nígbà tí pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ kí ẹ tó dé ojú títì. Ẹ ṣí ọ̀pá ìtúsílẹ̀, kí ènìyàn méjì rọra tì í gorí pákó wọ inú ọkọ̀, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ sì dá ọ̀pá náà padà sí ipò rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.